Òkúta Ojú Ọ̀run Bọ́ Sínú Fúláwà Mi

Ọmọ mi tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọlọ́run tó ń jí oòrùn láràárọ̀ láìpè é lẹ́ẹ̀mejì yóò máa jí ọ pẹ̀lú ayọ̀, ibi tí o bá gbé ẹsẹ̀ lé kò ní yẹ̀ lábẹ́ rẹ, ọ̀gá rẹ kò ní rí ọ kó fajú ro, owó oṣù rẹ kò sì ní sùn sọ́nà. Àmín. Èmi ìyá rẹ wà láàyè, orúnkún mi ló máa ń pariwo tí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n mo ti bá a wí.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí o ti ra fóònù fún mi. Fóònù náà wà o. Mò ń tọ́jú rẹ̀, mo fi aṣọ wé e, mo sì máa ń pa á tí ilẹ̀ bá ti ṣú kí òun náà lè sinmi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ gùn, obìnrin tó máa ń gbé fóònù rẹ tí o kò bá sí nílé kì í sì í fún mi láyè. Mo kí i, kò dáhùn. Mo ní kó bá mi pè ọ́ wá, ohun kan náà ló ń tún sọ. Mo bi í pé ọmọ ta ni, ó ní kí n tún gbìyànjú nígbà mìíràn. Mo rò pé ẹ jọ ń gbé yàrá ni. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, bá mi sọ fún un pé ohùn rẹ̀ dùn gan-an, ṣùgbọ́n kó máa kí àgbàlagbà.

Nílé, kò séwu. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ń jò ti dẹ́kun jíjò láti ìgbà tí òjò ti dá. Káfíńtà ojúlé kejì ti bá wa tún ilẹ̀kùn ṣe, ó ti ń ṣí dáadáa báyìí, ó kù kó máa tì. Búrẹ́dì ń tà. Àwọn bánkì kọ̀wé sínú fóònù mi pé kí n má ṣe sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni, mo fèsì pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, èmi gan-an ti gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ ló mú mi jókòó kọ ìwé yìí. Má jẹ́ kí àyà rẹ já, ara rẹ̀ le, ó ń jẹun, eyín rẹ̀ tó yọ ti ń hù padà. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́ pé láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ, ọmọ náà kò fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́. Tí mo bá gbé e fún un, á ní òun fẹ́ lọ tọ̀, tàbí á ní òun ń sùn, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ là kedere. Lọ́jọ́ tí o sunkún, tí o ní bóyá ọmọ ti gbàgbé ìyá tó bí i nítorí pé iṣẹ́ gbé ọ jìnnà, mi ò ní èsì kankan tí mo lè fún ọ. Mo ti rí èsì náà báyìí. Tí o bá wà lórí ìdúró, jókòó.

O mọ̀ pé Oníbéèrè ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ rẹ. Òun ló bi káfíńtà pé ṣé igi mọ̀ pé òun ti di àga. Òun ló bi mí pé níbo ni òórùn búrẹ́dì máa ń lọ tí a bá ti jẹ búrẹ́dì tán. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Tí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, òun náà á wọlé, á ti fèrèsé, á sì kọjú sí ògiri. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni. Mo ní ó máa lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni tíṣà rẹ̀ wá bá mi nídìí ààrò. Ọ̀dọ́bìnrin tín-ín-rín kan ni, jígí ojú rẹ̀ fẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun fẹ́ yá fúláwà díẹ̀ àti páànù fífẹ̀ kan, òun fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ nípa mítíọ̀. Mo ní mítà? Ó ní rárá, ìyá, mítíọ̀. Mo ní mo gbọ́, mítà. Èmi mọ mítà, òun ló wà lára ògiri wa tó ń ka iná tí a kò rí lò. Ó ní èyí tí òun ń wí, láti ojú ọ̀run ló ti ń bọ̀. Mo wí lọ́kàn ara mi pé, ó tán, àwọn oníná ti gbé tiwọn dé ojú ọ̀run, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó oòrùn lọ́wọ́ wa.

Mo fún un ní fúláwà tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ àpò, mo sì gbé páànù mi fífẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí. Páànù yẹn, bàbá rẹ ló rà á fún mi. Bí tíṣà ṣe ń gbé e lọ ni ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀lé e. Mo tún fẹ́ fojú ara mi rí irú búrẹ́dì tí ènìyàn fẹ́ fi fúláwà lásán ṣe láìbéèrè yíìsì.

Kíláàsì tí ìwọ náà ti kàwé ni, bẹ́ǹṣì yẹn ṣì ń gún ènìyàn ní ìdí. Wọ́n fún mi ní àga, mo jókòó sẹ́yìn, ọmọ rẹ rí mi, ó tẹrí ba bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Tíṣà da fúláwà sínú páànù, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Mo ní ó mọ̀ ọ́n ṣe. Àfi bó ṣe bu eérú tó fọ́n ọn sórí rẹ̀! Mo dìde dúró. Mo ní tíṣà, kí ló dé? Ó ní kí n fara balẹ̀, ìyá, pé fúláwà yẹn ti di ilẹ̀ ayé. Mo ní mo rí i bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó tún lè jẹ ẹ́.

Ó wá ní kí ọmọ kan gun orí àga, kó jẹ́ kí òkúta kékeré bọ́ sínú páànù láti ọwọ́ rẹ̀. Pàú! Fúláwà tú sókè, ihò róbótó kan yọ, funfun sì ta yí i ká lórí eérú bí ìtànṣán oòrùn. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òkúta ńlá láti ojú ọ̀run ṣe máa ń gbẹ́ ihò sí ilẹ̀ tó bá já sí. Ó dára gan-an láti wò, mi ò ní purọ́. Gbogbo ọmọ ló fẹ́ ju tirẹ̀. Fúláwà dé orí mi, ó dé mùsítáàṣì ọ̀gá ilé-ìwé tó wá wo ohun tó ń fa ariwo, ọ̀gá gan-an sì béèrè bóyá àwọn náà lè ju ọ̀kan.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó yé mi fún ọ. Tíṣà ní ohun tí a máa ń pè ní ìràwọ̀ tó já, kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Àwọn ìràwọ̀ wà níbi tí wọ́n wà, ìkankan nínú wọn kì í já. Ó ní òkúta wẹ́wẹ́ ni, òmíràn kò ju hóró ṣúgà lọ, tí wọ́n ń rìn kiri lókè lọ́hùn-ún níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Tí wọ́n bá sáré wọ inú afẹ́fẹ́ ayé wa, eré náà pọ̀ débi pé ooru á mú wọn, wọ́n á tàn yòò, wọ́n á sì jó tán kí wọ́n tó délẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó kọjá fìrì yẹn ni mítíọ̀. Èyí tí kò bá jó tán, tó délẹ̀, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ gbé, òun ni mítíọ̀ráìtì. Mo bi í pé ṣé àbúrò mítíọ̀ ni. Ó ní ẹnì kan náà ni wọ́n, ìyá, èyí kàn ti délé ni. Ó ní ara irú òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń dúdú bí èèpo búrẹ́dì tó pẹ́ nínú ààrò. Èyí ló yé mi jù.

Àwọn ọmọ ti kó òkúta wá láti ilé, olúkúlùkù ń búra pé tòun ti ojú ọ̀run wá. Tíṣà mú òòfà jáde, irin tó máa ń fa irin mọ́ra, ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta ojú ọ̀run ló ní irin nínú, ẹ jẹ́ kí á dán an wò. Ó ní tí nǹkan kò bá dá ènìyàn lójú, kí ó má kàn jókòó máa bẹ̀rù tàbí máa yangàn, kó dán an wò. Ọ̀kan jẹ́ ègé bíríkì. Ọ̀kan jẹ́ òkúta tí mo fi ń ti ilẹ̀kùn ààrò, tí mo ti wá títí. Mo gbà á padà lójú ẹsẹ̀. Ti ọmọ káfíńtà ni òòfà fà, gbogbo kíláàsì pariwo, a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ìṣó ló rì sínú sìmẹ́ńtì gbígbẹ.

Bí ẹ̀rín ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni ọmọ rẹ na ọwọ́ sókè. Ọmọ mi, mo di eyín mi mú. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, mi ò rí ọwọ́ yẹn lókè. Ó bi tíṣà, ohùn rẹ̀ kéré, pé tí ènìyàn bá nàka sí i nígbà tó ń já ńkọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹnì kan nínú ilé ẹni náà máa kú.

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní òkúta tí o rí fìrì yẹn, ó ti wà lójú ọ̀nà rẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá ìyá ìyá àgbà rẹ, kí ẹnikẹ́ni tó ní ìka tó lè nà. Ó ní kò mọ̀ ọ́, kò mọ ilé rẹ, kò sì lè gbọ́ ohun tí ìka rẹ ń sọ. Lẹ́yìn náà ló bi gbogbo wa pé ta ló ti nàka sí i rí, kó na ọwọ́ sókè. Ó kọ́kọ́ na tirẹ̀. Ọmọ káfíńtà nà. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ilé-ìwé na tiwọn pẹ̀lú fúláwà ní mùsítáàṣì. Èmi náà nà, méjèèjì. Ọmọ rẹ ń wo ọwọ́ wa káàkiri yàrá bí ẹni tó ń ka ẹran.

Nígbà tí a délé, tí mo ń pò fúláwà ọjọ́ kejì, ó wá dúró tì mí. Ó ní Màmá Àgbà, èmi ni mo pa Bàbá Àgbà. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ó ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, ìràwọ̀ já, òun pariwo, òun sì nàka sí i. Ilẹ̀ mọ́, bàbá kò jí. Ọmọbìnrin kan tó jù ú lọ ló wá sọ fún un nídìí omi pé ẹni tó bá nàka sí ìràwọ̀ tó ń já ti ń fi ẹnì kan hàn fún ikú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi, tí kò sì fẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní bàbá ìyá òun ni. Ó ní tí òun bá ti lanu lórí fóònù, o máa gbọ́ ọ nínú ohùn òun, o sì máa béèrè ìdí tí òun fi mú bàbá rẹ lọ.

Kò gbàgbé rẹ o, ọmọ mi. Kò gbàgbé rẹ rárá. Ojú rẹ ló ń yẹra fún.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú fúláwà lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé ọmọ kékeré lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kó sì máa fọ eyín, kó máa wọ bàtà lọ sílé-ìwé, kó máa sọ pé ẹ káàárọ̀. A jọ ń sun orí ibùsùn kan, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀, mi ò sì mọ̀. Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà, iye nǹkan tí ènìyàn lè máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbọ́ ìró rẹ̀.

Mo wá bi í pé kí ni bàbá ṣe nígbà tí òun ọmọ nàka. Ó ní bàbá nàka bákan náà. Ó ní bàbá ń béèrè pé níbo, ṣé ọ̀hún ni, ṣé ibí ni, ó wá ní ó ti lọ, ó yára ju òun lọ. Mo ní ó dára, bàbá náà nàka, ṣé kí á wá sọ pé òun ló pa ara rẹ̀ ni? Ó ní rárá. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọkàn bàbá rẹ fún un, bí dókítà ṣe ti sọ pé ó ti rẹ ọkàn náà tipẹ́, àti bí ó ṣe jẹ́ pé ó wù ú láti máa jókòó síta pẹ̀lú rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó gbọ́. Ó gbà, kò gbà. Mo rí i lójú rẹ̀.

Tíṣà ti fún wọn ní fọ́ọ̀mù. Ó ní ní àsìkò yìí òkúta ojú ọ̀run máa ń pọ̀ ní ìdájí, ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá sórí pápá ilé-ìwé ní Sátidé kí oòrùn tó yọ, kó kọ ọ̀rọ̀ sí i. Mo fara balẹ̀ kọ ọ́. Wọ́n béèrè bí èmi àti ọmọ náà ṣe jẹ́ síra, mo kọ ọ́ pé a dára púpọ̀ síra, àyàfi tó bá di ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ àárọ̀. Wọ́n béèrè nọ́ńbà tí wọ́n lè pè tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, mo kọ ọ́ pé kí wọ́n má pè mí, kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú rẹ̀, àyà mi kò gbà á. Wọ́n ní kí n kọ ọjọ́ òní síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀la ni wọ́n máa kà á, nítorí náà mo kọ ọ̀la. Tíṣà ní òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Ọmọ rẹ kò fẹ́ lọ. Mo ní èmi ń lọ ní tèmi. Kò lè jẹ́ kí n dá lọ, ó wọ súwẹ́tà.

Koríko tutù lórí pápá. Àwọn òbí tẹ́ ẹní, ọ̀gá ilé-ìwé gbé ìrọ̀rí wá láti ilé. Mo gbé fóònù sókè kí n lè ya ojú ọ̀run fún ọ. Àwòrán dúdú tí mo fi ránṣẹ́ yẹn, ojú ọ̀run ni, wò ó dáadáa, àwọn ìràwọ̀ wà níbẹ̀. Èkejì tó pọ́n, àtàǹpàkò mi ni.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan kọjá. Fìrì! Gbogbo pápá ní háà. Òmíràn tún kọjá. Àwọn ọmọ ń nàka, wọ́n ń pariwo, ọmọ rẹ fi ọwọ́ méjèèjì há abíyá, ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo rántí ohun tí tíṣà sọ, pé kí ènìyàn dán an wò. Nígbà tí èyí tó gùn jù kọjá lórí igi, mo na ìka mi sí i, mo nà án títí ó fi lọ. Ọmọ rẹ fò mọ́ apá mi, ó fà á wálẹ̀, ó ń sunkún pé ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, èmi àti ẹ̀yin nìkan la kù nílé. Mo gbé e mọ́ra. Mo ní kó jẹ́ kí á wò ó títí di ọ̀la.

Gbogbo Sátidé yẹn, ọmọ náà kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mò ń sẹ́ fúláwà, ó wà níbẹ̀. Mo wẹ̀, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń pè mí, mò ń dáhùn pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Mo sùn díẹ̀ lọ́sàn-án, mo kàn rí i pé nǹkan gbóná níwájú imú mi, ọwọ́ rẹ̀ ni, ó ń wá èémí. Mo la ojú kan, mo ní mo wà ńbí. Ká má tan ara wa, nígbà tí ilẹ̀ ṣú, èmi náà wí fún orúnkún mi pé lónìí yìí, jọ̀ọ́, má dójú tì mí.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, ó jí kí n tó jí. Nígbà tí mo lajú, ó ti jókòó sórí ibùsùn, ó tẹjú mọ́ mi. Mo kí i. Kò dáhùn ìkíni. Ó ní Màmá Àgbà, èyí tó bá já sínú òkun, ṣé ẹnikẹ́ni lè rí i mọ́? Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ṣé ẹja lè gbé e mì? Mo ní mi ò mọ̀. Kí n tó wọ bàtà, ó ti bi mí ní ìbéèrè tó tó kún apẹ̀rẹ̀, mi ò mọ ìdáhùn ìkankan, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó jẹ ẹ̀bùn.

Nǹkan kan ló kù kí n tọrọ. Ilé kan wà ní ìlú ńlá tó sún mọ́ wa tí wọ́n kó òkúta ojú ọ̀run gidi sí, tíṣà fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí àwọn òbí dá owó ọkọ̀. Bá wa fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́, kí o sì fi tèmi náà sí i, nítorí pé èmi náà ń lọ. Kí Ọlọ́run tó fún àwọn òkúta yẹn ní ọ̀nà má jẹ́ kí o ṣìnà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò yẹ ọ́, oorun rẹ yóò dùn, ilé tó fẹ̀ tí ò ń wá yóò wá ọ kàn, tí ìwọ àti ọmọ rẹ yóò jọ máa gbé ibẹ̀.

Ó ti ní òun máa pè ọ́ ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, òun fẹ́ fi ẹnu ara òun sọ ọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti kọ̀wé. Gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ rí. Tó bá dákẹ́ láàárín, má bá a wá ọ̀rọ̀, má sì rò pé ìlà ti já. Dúró dè é.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó bí ọ.